Kí ló dé tí ilé alámọ̀ bàbá mi fi tutù ju ilé búlọ́ọ̀kù mi lọ?

Ìbéèrè: Bọ̀dá Akítẹ́ẹ̀tì, ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Ìbàdàn ni mo kọ́lé sí. Ilé alámọ̀ ni wọ́n bí mi sí ní Ìsẹ́yìn. Kò sí fáànù níbẹ̀, síbẹ̀ a máa ń sùn fọnfọn nínú yàrá lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn. Búlọ́ọ̀kù ni ilé tèmi, mo fi páànù aláwọ̀ pupa tó dára bò ó, ṣùgbọ́n láti Èrèlé títí wọ Igbe, yàrá mi kò ṣeé dúró sí. Àwọn ọmọ ní kí n ra éésì. Iná wo ló máa gbé e? Kí ni àwọn bàbá wa mọ̀ tí àwa ò mọ̀, kí sì ni mo lè ṣe láìwó ilé?

Ìdáhùn: Màmá, ẹ kú ìbéèrè. Kí n tó sọ̀rọ̀ jìnnà, ẹ bá mi ṣe nǹkan kan. Bó bá di aago mẹ́ta ọ̀sán, ẹ ní kí ọmọ kan gun àga, kó na ọwọ́ sókè sún mọ́ sílíǹ yàrá yín. Yóò sọ fún yín pé bí ẹni tó dúró ti ààrò lòun ṣe rí. Nígbà tó bá di aago mẹ́sàn-án alẹ́, kí ẹ̀yin fúnra yín fi àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn. Tó bá ṣì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, a ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ wà.

Níbi tí Ìbàdàn wà yìí, tí a bá ti wọ ìparí Ẹrẹ́nà àti ìbẹ̀rẹ̀ Igbe, àtàrí wa gan-an ni oòrùn ń dúró sí lọ́sàn-án. Òrùlé ló ń jìyà rẹ̀ jù. Ògiri àríwá àti ti gúúsù kì í fi bẹ́ẹ̀ rí i. Ti ìlà-oòrùn ń gbà á láàárọ̀ nígbà tí ara afẹ́fẹ́ ṣì tutù. Ti ìwọ̀-oòrùn ló máa ń gbà á ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí gbogbo ìlú ti gbóná tán, tí yóò sì tọ́jú ooru yẹn dè yín títí ẹ ó fi fẹ́ sùn. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, torí ilé àkọ́kọ́ tí mo kọ́ fún ara mi, ìwọ̀-oòrùn ni mo gbé yàrá wa sí. Ìyàwó mi ò tíì dárí ẹ̀ jì mí.

Ẹ wá wo ilé Ìsẹ́yìn. Koríko bẹẹrẹ ni wọ́n fi ń bo ilé lápá ibẹ̀ kí páànù tó dé. Níbi tí igbó ti pọ̀, ewé gbòdògì ni. Koríko nípọn, afẹ́fẹ́ sì há sáàárín rẹ̀, ooru ò lè tètè gbà á kọjá. Lábẹ́ rẹ̀, àjà alámọ̀ tún wà. Etí òrùlé máa ń wálẹ̀ débi pé àgbàlagbà á bẹ̀rẹ̀ kó tó wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, oòrùn ò sì ráyè kan ògiri. Ògiri ọ̀hún fúnra rẹ̀ nípọn tó ẹsẹ̀ bàtà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ooru tó bá bọ́ sí i lára lọ́sàn-án lè lo nǹkan bí wákàtí mẹ́jọ sí mẹ́wàá kó tó yọ sínú ilé.

Ṣùgbọ́n ẹ padà ka ohun tí ẹ kọ sí mi: ẹ ní ẹ ń sùn fọnfọn *lọ́sàn-án*. Lálẹ́ ńkọ́? Wákàtí mẹ́wàá yẹn pé lálẹ́, ooru á yọ sínú yàrá, fèrèsé ò sì ju kí orí ọmọdé yọ lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹní fi ń jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti àgbàlá, tí wọ́n ń pàlọ́ títí òru fi ń jìn. Ilé nìkan kọ́ ló ń mú wọn tutù, wọ́n mọ àsìkò tó yẹ kí wọ́n jáde kúrò nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ní ká padà sí ilé alámọ̀ bó ṣe wà gẹ́lẹ́, ó yẹ kó kọ́kọ́ sùn nínú rẹ̀ lóru Ẹrẹ́nà.

Àmù igun ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Omi máa ń yọ lára ìkòkò amọ̀ bí òógùn, á sì gbẹ, bó sì ṣe ń gbẹ ló ń kó ooru lọ. Ooru tí lítà omi kan ń kó lọ tó bá gbẹ tán tó èyí tí áyọ́ọ̀nù 1,000 wáàtì máa mú jáde fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 40. Ìgbà ọyẹ́ ló ń ṣiṣẹ́ jù, torí afẹ́fẹ́ gbẹ. Nítorí náà, aṣọ tútù tí àwọn kan ní ká fi kọ́ ojú fèrèsé, ẹ lè ṣe é nígbà ọyẹ́. Tí òjò bá ti ń ṣú, ẹ má dán an wò, ṣe ló máa sọ yàrá di ibi tí wọ́n ti ń se mọ́ínmọ́ín.

Ó yá, ilé tiyín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ojú fèrèsé. Ṣíláídìn ni, àbí? Bí ẹ bá ṣí i títí, ìdajì rẹ̀ ló ṣí. Lúfà àtijọ́ tí gbogbo wa yọ dànù sàn jù ú lọ, fèrèsé tó ń ṣí síta náà sàn jù ú. Kí ẹ tó náwó pààrọ̀ rẹ̀, ẹ yọ nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, kí ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Oníbàárà mi kan ń ké pé atẹ́gùn kì í wọ ilé òun. Nígbà tí a fọ nẹ́ẹ̀tì, omi rẹ̀ dúdú bí omi ẹlú, aṣọ ojú fèrèsé sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ lẹ́lẹ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Atẹ́gùn tó bá wọlé sì gbọ́dọ̀ rí ibi jáde: ẹ ṣí fèrèsé tàbí ilẹ̀kùn tó wà lódì kejì. Tí ẹ bá dé Yunifásítì Ìbàdàn, ẹ wo ilé ìkàwé Kenneth Dike, tí Maxwell Fry àti Jane Drew yàwòrán rẹ̀. Ojú ògiri rẹ̀ kún fún ihò kéékèèké: atẹ́gùn ń kọjá, oòrùn ò ráyè.

Lọ́sàn-án gangan, nígbà tí ìta bá gbóná ju inú lọ, ẹ ti fèrèsé kí ẹ sì fa aṣọ bo ti ìwọ̀-oòrùn. Nírọ̀lẹ́, ẹ ṣí gbogbo rẹ̀. Bí iná bá wà, ẹ gbé fáànù ẹlẹ́sẹ̀ sí ẹnu fèrèsé kó máa fa atẹ́gùn alẹ́ wọlé. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì kúrò, torí sìmẹ́ńtì tó fara kan ilẹ̀ máa ń tutù ju kápẹ́ẹ̀tì lọ. Ìwọ̀-oòrùn yẹn, ẹ gbin dogoyárò síbẹ̀, ṣùgbọ́n kó jìnnà díẹ̀ sí ìpìlẹ̀. Igi ọ̀dán ní tirẹ̀, ọjà ló yẹ ẹ́. Gbòǹgbò rẹ̀ ò mọ ààlà.

Òrùlé ni mo fi sẹ́yìn torí òun ló ń gba owó, òun náà ló sì ń mú èrè wá jù. Páànù pupa yẹn ń gbé oòrùn mì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀dà funfun tó wà fún òrùlé kùn ún. Lẹ́yìn náà, kí káfíńtà dá ihò sí abẹ́ etí òrùlé ní iwájú àti ẹ̀yìn, àti méjì lókè níbi ṣóńṣó ògiri, kí ooru tó há sáàárín páànù àti sílíǹ lè jáde. Tí àwọn ọmọ bá ṣì fẹ́ ra éésì lẹ́yìn èyí, èyí tó kéré jù á tó. Ẹ rí i dájú pé káfíńtà fi nẹ́ẹ̀tì onírin bo àwọn ihò náà lọ́jọ́ náà gan-an o. Tó bá ní òun á padà wá lọ́la, àwọn àdán á ti kó dé.