Ẹ yẹ oríkèé rẹ̀ wò kí ẹ tó wo ojú kìnnìún

Ẹ béèrè bóyá ó yẹ kí ẹ ra róbọ́ọ̀tì àlòkù tó ń di kìnnìún, èyí tí ẹ fi àwòrán rẹ̀ hàn wá, fún ọmọ yín tó jẹ́ ọmọ ọdún 6. Mo ti ra irú rẹ̀ rí, mo sì kábàámọ̀ rẹ̀ títí di òní, nítorí náà ni n kò ṣe lè ka ìbéèrè yín kí n sì dákẹ́.

Ojú ẹranko náà nìkan ni ẹni tó tà á fún mi fi hàn mí: gọ̀gọ̀ rẹ̀ kún, eyín rẹ̀ mú, ara rẹ̀ ń dán. Mo tẹ̀lé ìwé ìlànà rẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ. Nígbà tí mo dé ibi tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ti ń di itan róbọ́ọ̀tì, mo fi ìka méjì péré yí i, mo gbọ́ tí ó dún pé “kà”, ẹsẹ̀ náà sì bọ́ sí mi lọ́wọ́. Gẹ́rẹ́ ibi tí ọ̀pá irin tín-ín-rín ti gba inú ike kọjá ni ó ti ṣẹ́. Mo gbìyànjú láti fi gúlúù lẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ńṣe ni ike náà tún ń rún lábẹ́ ìka mi bí èèpo ẹyin. Ọmọ mi dúró tì mí, ó di orí kìnnìún náà mú, ó ń bi mí léraléra bóyá òun ni òun bà á jẹ́. Kì í ṣe òun. Kì í sì í ṣe èmi.

Ike aláwọ̀ góòlù ni ó fà á. Nínú àwọn ohun ìṣeré tí wọ́n ṣe láàárín ìparí àwọn ọdún 1980 àti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, ọ̀pọ̀ ni wọ́n po èérún dídán aláwọ̀ góòlù mọ́ ike rẹ̀, irú ike bẹ́ẹ̀ a sì máa gbó láti inú wá, kódà bí a kò bá tíì tú u kúrò nínú páálí rẹ̀ rárá. Ọ̀dà góòlù tí wọ́n kùn sí ojú ike mìíràn kò ní àléébù yìí. Ẹ wo abẹ́ ẹ̀yà náà tàbí inú ihò rẹ̀: bí àwọ̀ náà bá dé ibẹ̀, tí ó sì rí bí ìlà èéfín tó lọ́ mọ́ra, ike fúnra rẹ̀ ni.

Ohun tó ń dùn mí jù ni àwọn tí wọ́n ń pe ara wọn ní ọ̀mọ̀ràn nínú fídíò. Wọ́n á tú nǹkan kúrò nínú páálí, wọ́n á yí i padà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n á sì ní ó le dáadáa, nígbà tó jẹ́ pé ọmọdé lè yí i ní ìgbà 10 kí ilẹ̀ tó ṣú. Nígbà tí mo kọ̀wé sí ọ̀kan nínú wọn, ó dá mi lóhùn pé agbára ni mo lò.

Ní ti oríkèé, èyí tí orí rẹ̀ rí róbótó, tó ń yí nínú ihò, irú èyí tí Hasbro àti Takara, àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ohun ìṣeré, lò púpọ̀ láti ọdún 1996 nínú Beast Wars, ọ̀wọ́ róbọ́ọ̀tì wọn tó ń di ẹranko, ni mo fẹ́ràn jù fún ọmọdé, nítorí pé bí ó bá bọ́, a lè tẹ̀ ẹ́ padà. Èyí tí ọ̀pá irin gbà kọjá kì í bọ́, ṣíṣẹ́ ni ó máa ń ṣẹ́. Bí etí ihò rẹ̀ bá ti ń funfun, ike náà ti ń jìyà. Bí ohun ìṣeré náà bá sì tutù, ẹ jẹ́ kí ó gba ooru yàrá kí ẹ tó yí i. Pé kí ẹ ka ẹ̀yà rẹ̀ pé, kí ẹ sì gba ìwé ìlànà, ẹ mọ ìyẹn.

Bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3 bá wà nílé, ẹ kó ìbọn kéékèèké àti ọwọ́ róbọ́ọ̀tì tó ń yọ kúrò níwájú rẹ̀. Bí ohun ìṣeré náà bá ń tan iná tàbí tó ń ké ramúramù, ẹ rí i dájú pé skúrù ni wọ́n fi dé ilé bátìrì, nítorí pé bátìrì pẹlẹbẹ tó rí bí bọ́tìnnì lè jó ọ̀nà ọ̀fun ọmọ láàárín wákàtí 2 péré.

Ní ti ọmọ ọdún 6 tí ẹ béèrè nípa rẹ̀, bí ìgbésẹ̀ inú ìwé ìlànà bá ju 20 lọ, ẹ̀yin ni ẹ ó máa yí i fún un lójoojúmọ́. Nínú àwòrán yín, itan ẹ̀yìn kìnnìún náà jẹ́ àwọ̀ góòlù. Ẹ ní kí olùtajà ya inú itan náà ní ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, kí ihò ọ̀pá irin náà hàn kedere. Bí ó bá kọ̀, ẹ fi kìnnìún rẹ̀ sílẹ̀ fún un.