Ṣé àwọn asáré ọ̀nà jíjìn tó mọ eré í sá pọ̀ lóde òní ju ti àtijọ́ lọ?

Bẹ́ẹ̀ ni, bí a bá wo gbogbo ayé pọ̀. Ẹ má wo ẹni tó gba ipò kìíní nìkan, ẹ wo àwọn tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí Roger Bannister sá máìlì kan láàárín ìṣẹ́jú tí kò pé 4 ní oṣù Karùn-ún 1954, ọjọ́ 46 kọjá kí John Landy tó ṣe irú rẹ̀.

Ẹ wá wo eré ìdíje Valencia, ní Spéìn, ní oṣù Kejìlá 2020. Kí wọ́n tó gbéra, ìṣẹ́jú 58 àti ìṣẹ́jú àáyá 1 ni àkókò tó yá jù láyé fún ìdajì máratọ́ọ̀nù (eré bíi kìlómítà 21). Kibiwott Kandie fi 57:32 borí, àwọn mẹ́ta tó tẹ̀ lé e náà sì sá ju ti àtẹ̀yìnwá lọ! Alexander Mutiso sá 57:59, eré tí ẹnikẹ́ni ò sá rí kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó mọ́, síbẹ̀ ipò kẹrin ló bọ́ sí.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo orílẹ̀-èdè ló ń gòkè láìsinmi. Amẹ́ríkà, tí asáré máratọ́ọ̀nù pọ̀ níbẹ̀ bí omi ní bíi 1983, ọkùnrin kan àti obìnrin kan péré ló rán lọ sá a ní Òlíńpíìkì 2000. Inú mi dùn pé wọ́n ti gbérí padà.

Owó tó wọ eré ojú títì àti bí àwọn ọmọ Kẹ́ńyà àti Ethiopia ṣe ń gbára dì pọ̀ lórí òkè wà lára ohun tó fà á tí àwọn tó mọ eré í sá fi pọ̀ sí i láyé. Bàtà onífóòmù tó nípọn, tó ní awẹ́ kábọ̀n pẹlẹbẹ tó le nínú, náà tún dé kún un ní nǹkan bí 2017.