Ọmọ Dé, Kámẹ́rà Ń Kọ́?

Ìbéèrè yín lórí fọ́tò yíyà, pẹ̀lú Àǹtí Oníkámẹ́rà, Adó-Èkìtì

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìkéré-Èkìtì ni mò ń gbé, tíṣà ni mí. Kí n tó lọ́kọ ni mo ti ń tu owó jọ nínú owó oṣù mi, tí mo fi ra kámẹ́rà. Bó bá di Sátidé, ẹ ó bá mi nídìí àpáta Olósùnta, tàbí lọ́nà Ìkọ́gòsì níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń pàdé. Mo bímọ nígbà tí òjò ọdún yìí bẹ̀rẹ̀, láti ọjọ́ náà kámẹ́rà kò tíì jáde nínú wọ́dúróòbù. Ìyá ọkọ mi tó wá bá wa wẹ ọmọ ní ohun tí ọmọge ń ṣe ni, kí n gbé e tì. Ọkọ mi ní kí n máa fi fóònù ya ọmọ, pé ìyẹn náà ti tó. Síbẹ̀ ara mi kò balẹ̀. Ṣé kí n tà á ni, àbí kí n dúró dìgbà tí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé? — Ìyá Ìkókó, Ìkéré-Èkìtì

Àbúrò mi, ẹ kú ọwọ́ lómi. Olúwa á dá ọmọ náà sí, á wò ó dàgbà.

Má tà á. Má sì dúró dìgbà ilé-ìwé, nítorí kámẹ́rà náà kò ní dúró dè ọ́. O mọ bí òjò ṣe ń rọ̀ nílẹ̀ wa. Lẹ́ńsì tó bá wà nínú òkùnkùn wọ́dúróòbù láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò dé ìparí rẹ̀ lè bu nínú, bí búrẹ́dì ṣe ń bu. Á máa ta fọ́nrán funfun tẹ́ẹ́rẹ́ láti etí dígí bọ̀ wá sáàárín, kò sì sí aṣọ tó lè nù ún, torí inú ló wà. Nítorí náà, lálẹ́ òní, gbé e jáde. Yọ bátìrì rẹ̀, nu ara rẹ̀, kó o gbé e sínú ike onídèérí tó ń dé pinpin. Àwọn àpò wẹ́wẹ́ oníhóró tí wọ́n ń kó sínú páálí bàtà tuntun, má dà wọ́n nù mọ́. Kó wọn sínú ike náà, wọ́n á máa fa ọ̀rinrin mu. Orí ohun gíga ni kí ike yẹn wà, torí ọmọ tó bá ti ń rá, ẹnu ló fi ń mọ ayé. Bí kámẹ́rà rẹ bá ní rìmóòtù, wo bátìrì inú rẹ̀ dáadáa. Bí ó bá jẹ́ pẹlẹbẹ roboto, kí ó jìnnà sí ọmọ pátápátá. Ọmọ tó bá gbé irú rẹ̀ mì, láàárín wákàtí 2 péré ó lè ti jó o lọ́nà ọ̀fun. Ilé ìwòsàn lẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni.

Ó ku ọ̀rọ̀ ilé. Ohun tí ọkọ rẹ kò tíì rí ni pé ọ̀tọ̀ ni kéèyàn máa ya ọmọ, ọ̀tọ̀ ni kéèyàn máa ya fọ́tò. Fóònù tó láti fi ya ọmọ, mi ò bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n ohun tí ò ń wá nídìí Olósùnta kì í ṣe àpáta. Ìgbà tí o máa ń dúró jẹ́ẹ́, tí o ń wo nǹkan kan títí wàá fi rí i, ìyẹn ló sọnù lọ́wọ́ rẹ, ìyẹn lara rẹ ò fi balẹ̀. Ìyá tó ní ohun kan tó jẹ́ tirẹ̀, tí kì í ṣe ti ọmọ, tí kì í ṣe ti ọkọ, mo gbà pé ọmọ rẹ̀ ń jàǹfààní rẹ̀. Mo sì fẹ́ kí o di ohun tìrẹ yẹn mú.

Kò dìgbà tí o bá lọ sí Ìkọ́gòsì. Inú ilé yẹn ti tó ọ yà fún ọdún kan gbáko. Rántí J. D. 'Okhai Ojeikere, ayàwòrán ọmọ Nàìjíríà, tó ṣiṣẹ́ nínú yàrá òkùnkùn ìjọba, níbi tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò, n'Ìbàdàn ní 1954. Láti 1968 ló ti ń ya irun orí àwọn obìnrin wa, irun dídì àti irun olówùú, títí ó fi lé ní 1,000. Èyí tó pọ̀ nínú wọn, ẹ̀yìn orí ló yà, kò sí ojú níbẹ̀ rárá. Ohun tó ń kọjá lójú gbogbo ènìyàn lójoojúmọ́ ló mú, kò sì fi í sílẹ̀. Ìwọ náà mú ohun kan. Bó jẹ́ nápíìnì ọmọ tó wà lórí okùn, tí òkè ń hàn lẹ́yìn rẹ̀, mú un. Máa yà á nígbà tí oòrùn ń ràn, yà á nígbà tí òjò ń ṣú, yà á nígbà tí ọyẹ́ bá dé tí òkè ò hàn mọ́.

Tàbí kẹ̀, yan ọwọ́ ìyá ọkọ rẹ. Èyí ni èmi ì bá yàn. Má bá ìyá jà lórí ọ̀rọ̀ ọmọge. Láàárọ̀ ọ̀la, nígbà tí wọ́n bá jókòó sórí àpótí, tí wọ́n na ẹsẹ̀ méjèèjì, tí wọ́n gbé ọmọ lé ojúgun, sọ fún wọn pé, “Màámi, ọwọ́ yín ni mo fẹ́ yà, ẹ jọ̀ọ́.” Jókòó sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, kí ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà máa gba ẹ̀gbẹ́ kejì wọlé. Wo bí àtàǹpàkò wọn ṣe ń rọra tẹ ẹ̀gbẹ́ orí ọmọ, bí òrí ṣe ń yọ́ láàárín ìka, bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ tọ́ omi wò kí wọ́n tó bù ú. Bí o bá fẹ́ kí ẹ̀kán omi dúró gbọn-in nínú fọ́tò, gbé ìyára kámẹ́rà sí 1/500, ìyẹn ìdá kan nínú 500 ìṣẹ́jú-àáyá. Bó bá jẹ́ ọwọ́ nìkan ni, 1/250 ti tó. Gbé ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ mọ́ra tó, lọ sí 1600 tàbí 3200 láìbẹ̀rù. Fọ́tò tó ní yanrìn díẹ̀ lára sàn ju èyí tó ṣe bàìbàì lọ.

Lẹ́yìn náà, fọ ọ̀kan sórí bébà, kí o fi kúnlẹ̀ kí wọn. Wo fọ́tò àwọn ìyá àgbà wa dáadáa: aṣọ ẹbí ni, gèlè ni, wọ́n dúró ṣánṣán. Iṣẹ́ tí wọ́n fi gbogbo ayé wọn ṣe kì í sí níbẹ̀. Ẹni tó bá ya iṣẹ́ ọwọ́ ìyá ọkọ rẹ̀ fún un, mi ò rò pé wọ́n tún máa pe kámẹ́rà rẹ̀ ní ohun ọmọge.

Nípa àkókò, òótọ́ ni pé ìkókó ń sùn tó wákàtí 14 sí 17 lóòjọ́, ṣùgbọ́n wẹ́wẹ́ ló ń sùn ún. Tó bá sùn, kí o sùn. Oorun tìrẹ ló ṣáájú kámẹ́rà, ṣáájú abọ́ tí a kò tíì fọ̀, ṣáájú àlejò tó ní òun fẹ́ rí ìyá ọmọ. Nínú gbogbo oorun ọ̀sẹ̀ kan, yọ ẹyọ kan fún fọ́tò. Sọ ọ́ fún ọkọ rẹ kó mọ̀ pé ẹyọ yẹn kì í ṣe ti aṣọ fífọ̀.

Bó o bá fẹ́ ya ọmọ fúnra rẹ̀, tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ní ibi tí oòrùn kò ti ta sí i lójú, kí o pa gílóòbù, torí àwọ̀ iná àti àwọ̀ ọ̀sán kì í bára mu lára ènìyàn dúdú. Ṣọ́ọ̀lì funfun máa ń tan kámẹ́rà jẹ. Ó rí funfun, ó rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, ó sì dín in kù, ojú ọmọ á wá ṣókùnkùn. Lọ sí ibi tí kámẹ́rà ti ń fi ìmọ́lẹ̀ kún tàbí dín in kù, kó o fi +1 kún un. Lórí fóònù, fìka tẹ ojú ọmọ, kí o fa àmì oòrùn kékeré yẹn sókè. Ìkókó kò ríran jìnnà, bíi 20 sí 30 sẹ̀ǹtímítà ni ojú rẹ̀ mú, nítorí náà má fi kámẹ́rà bo ojú ara rẹ. Gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, kí ó máa wo ìwọ. Ẹ̀rín tó ń rín síni gan-an, ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Má gbé okùn kámẹ́rà kọ́rùn nígbà tí o bá gbé ọmọ mọ́ra. Bó o bá sì ń yà á láti òkè, wé okùn náà mọ́ ọrùn ọwọ́.

Ohun kan ṣì wà tó máa ń dùn mí gidi. Àwọn ìyá tó ń ya fọ́tò kì í sí nínú fọ́tò. Ọmọ á dàgbà, á tú àwòrán ilé wò, á rí bàbá, á rí ìyá àgbà, kò ní rí ẹni tó fún un lọ́mú. Fún ọkọ rẹ ní kámẹ́rà. Ìwọ ni kí o to gbogbo nǹkan sílẹ̀ fún un: kí ojú lẹ́ńsì ṣí dé f/2.8, kí ìyára jẹ́ 1/250, kí ISO máa yan ara rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni kí o kọ́ ọ, pé kó tẹ bọ́tìnnì dé àárín kí ojú rẹ mọ́ kedere, kó tó tẹ̀ ẹ́ wọlé. Má ní o ò tíì kun àtíkè, má ní o ò tíì dirun.

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Àǹtí. Nígbà tí a ń sọ ọmọ wa lórúkọ, àwọn àgbà kígbe mọ́ fọtogíráfà pé kó má tan fíláàṣì sójú ọmọ, pé ó ń fọ́ ojú. Òótọ́ ni? Àti pé kí ló dé tí awọ ojú gbogbo wa tó wà lábẹ́ kánópì fi pọ́n nínú fọ́tò yẹn? — Bàbá Ọmọ, Ìfàkì-Èkìtì

Ẹ kú oríire. Fíláàṣì lásán kì í fọ́ ojú ọmọ tí ara rẹ̀ dá. Síbẹ̀ mo wà lẹ́yìn àwọn àgbà yẹn. Ó ń já ọmọ láyà, ó ń jí i lójú oorun, fọ́tò tó ń mú jáde kì í sì í dùn ún wò. Bí iná kò bá sí, tí ilẹ̀ sì ti ṣú, kí fọtogíráfà yí orí fíláàṣì sókè kó lu sílìn funfun. Ìmọ́lẹ̀ á wálẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ojú yín tó pọ́n, ẹ bi kánópì. Bó bá jẹ́ aláwọ̀ pupa lẹ ta, pupa lóòrùn ń gbà á wọlé. Kánópì búlúù máa ń sọ àwọn ènìyàn di ẹni tó ń ṣàìsàn. Nígbà mìíràn, ẹ gbé ọmọ wá sí etí kánópì, kí ìmọ́lẹ̀ ìta bà á lójú, nígbà tí wọ́n bá fẹ́ fi oyin àti iyọ̀ kàn án lẹ́nu.

Níwọ̀n bí ẹ ti mẹ́nu ba fíláàṣì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí èyí. Nínú fọ́tò tí a fi fíláàṣì yà, ọmọlójú sábà máa ń pupa. Kò sí ewu níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí i pé ọmọlójú kan ń funfun, nígbà tí èkejì pupa, tó sì ń rí bẹ́ẹ̀ nínú fọ́tò ju ẹyọ kan lọ, ẹ má sọ pé kámẹ́rà ni. Nígbà mìíràn, igun tí ọmọ kọjú sí ló fà á. Ó sì lè jẹ́ ojú ọmọ ló fẹ́ bo, tàbí jẹjẹrẹ inú ojú, èyí tó máa ń mú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5. Ẹ gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú láìjáfara, kí ẹ mú fọ́tò náà dání. Bí wọ́n bá tètè rí i, ìtọ́jú wà fún un. Ọ̀pọ̀ òbí, inú fọ́tò ilé ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i.

Ọmọ mi tó wà l'Ékòó ń fi fọ́tò ọmọ-ọmọ mi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ó mọ́ kedere lójú fóònù, ṣùgbọ́n bí mo bá gbé e lọ fọ̀, ó ń ṣe bàìbàì. Ṣé àwọn tó ń bá mi fọ̀ ọ́ kò mọṣẹ́ ni? — Bàbá Àgbà, Ìyìn-Èkìtì

Bàbá, ẹ kú ojú lọ́nà àwọn ọmọ. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n mọṣẹ́. WhatsApp ló ń fún fọ́tò pọ̀ kí ó lè tètè lọ. Ẹ sọ fún ọmọ yín pé kí ó máa fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí Document, kì í ṣe bíi fọ́tò, ó máa dé ọwọ́ yín bó ṣe wà. Fọ́tò tó fẹ̀ ní ínṣì 4, tó gùn ní ínṣì 6, tó sì máa mọ́ dáadáa, gbọ́dọ̀ ní píksẹ̀lì (àwọn tóótòòtó tó para pọ̀ di fọ́tò) tó 1,200 ní ìbú àti 1,800 ní òòró. Kí òun náà má fi gbogbo rẹ̀ sínú fóònù kan ṣoṣo. Láti oṣù kẹfà ọdún 2021 ni Google Photos kò ti gba fọ́tò lọ́fẹ̀ẹ́ láìníye mọ́, 15GB ló ń fúnni, Gmail sì wà nínú rẹ̀. Kí ó da ẹ̀dà kan sínú kọ̀ǹpútà tàbí fláàṣì tí wọ́n ń kì bọ kọ̀ǹpútà, kí ẹ̀yin náà sì máa tọ́jú ti bébà níbẹ̀.

Bí ẹ bá ti gbà á lọ́wọ́ àwọn tó fọ̀ ọ́, ẹ fi pẹ́ńsù tó rọ̀ kọ orúkọ ọmọ, ọjọ́ àti ibi tí a ti yà á sí ẹ̀yìn rẹ̀, létí bébà. Báírò máa ń tẹ àpá sí iwájú, yíǹkì rẹ̀ sì lè ràn mọ́ fọ́tò tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó yà á náà sí i.