Kí ẹ tó wo àwọ̀ agbọ́n agbẹ́lẹ̀, ẹ wo ẹran tó gbé

Ẹ̀gbọ́n wa láti Iléṣà, ẹ kú akitiyan. Ẹ ní agbọ́n dúdú kan tí ìbàdí rẹ̀ tín-ín-rín, tó sì yẹ́lò, ń fi amọ̀ mọlé sára ògiri yín. Òmíràn tí ikùn rẹ̀ pupa ń gbẹ́ ihò sínú yanrìn tí ẹ dà síta fún ilé kíkọ́. Ẹ wá ń béèrè àtẹ àwòrán tí a lè fi mọ orúkọ gbogbo agbọ́n agbẹ́lẹ̀, àtàwọn tí ń gbẹ́ ihò àtàwọn ìbátan wọn tí ń fi amọ̀ mọlé, láti Ifẹ̀ dé Ìjẹ̀ṣà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń mú wọn ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, létí odò Ọ̀pá, lójú ọ̀nà oko kòkó, lórí òkìtì yanrìn àwọn bíríkìlà. Ohun tó dá mi lójú ni pé àtẹ àwòrán kò lè gbé yín dé ibẹ̀.

Àwọ̀ ń tanni jẹ. Agbọ́n dúdú oníkùn pupa wà nínú ìran Ammophila, ó wà nínú ìran Prionyx, ó tún wà láàrin àwọn apalántakùn, ìyẹn Pompilidae, tí wọn kò sí nínú ìdílé tí ẹ ń wá rárá. Nínú ẹ̀yà kan náà pàápàá, akọ lè yàtọ̀ sí abo.

Ẹran tí agbọ́n bá gbé bọ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Abo nìkan ní í ṣọdẹ. Yóò ta ẹran náà lóró kí ó má lè rìn mọ́, kò ní pa á tán, yóò gbé e wọ ihò, yóò yé ẹyin sí i lára, ìdin tó bá jáde yóò sì máa jẹ ẹ́ ní tútù. Ìran kọ̀ọ̀kan ló ní ẹran tirẹ̀. Ammophila ń gbé kòkòrò jọ̀bọ̀tọ̀ tí í di labalábá tàbí àfòpiná. Sphex ń gbé tata oníwo gígùn, Prionyx ń gbé tata oníwo kúkúrú. Chlorion ń wọlé lọ bá ìrẹ̀ nínú ihò rẹ̀. Bembix ń mú eṣinṣin, ó sì ń padà wá bọ́ ọmọ rẹ̀ títí tí yóò fi dàgbà, ìtọ́jú tí mo fẹ́ràn láti máa wò jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí. Philanthus triangulum ń mú kòkòrò oyin. Ampulex compressa, aláwọ̀ ewé tó ń dán gbinrin, aáyán ni tirẹ̀: yóò di ìwo aáyán mú, yóò sì máa fà á lọ bí ẹni fa ewúrẹ́. Òun kì í gbẹ́lẹ̀ o, ihò tó bá ti wà nílẹ̀ ló ń lò.

Alántakùn ló máa ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn rú. Bí agbọ́n bá ń fi ẹ̀yìn rìn, tó ń wọ́ alántakùn ńlá kan ṣoṣo nílẹ̀, ẹ fi sí apá Pompilidae. Bí ẹ bá fọ́ ilé amọ̀, tí ẹ bá alántakùn kéékèèké púpọ̀ nínú yàrá kan, Sceliphron ni ẹ kọ́kọ́ rò.

Lẹ́yìn ẹran ni awò, èyí tó ń mú nǹkan tóbi ní ìlọ́po 10 ti tó láti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo èjìká rẹ̀. Lára agbọ́n agbẹ́lẹ̀, etí èjìká yọ roboto sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sì kan ìpẹ́ kékeré tó bo ìdí ìyẹ́. Lára Pompilidae àti agbọ́n ilé tí ń ta wá, ó gùn dé ìpẹ́ náà. Agbọ́n ilé tún máa ń ká ìyẹ́ iwájú rẹ̀ ní gígùn bó bá bà. Ẹ wá wo ìbàdí: ti Ammophila gùn, ó sì dà bíi pé oríkèé méjì ló ní, ti Sphex jẹ́ ẹyọ kan. Ẹ ka oríkèé ìwo: 12 ni ti abo, 13 ni ti akọ.

Ní ti orúkọ, àwọn ìwé àtijọ́ kó gbogbo wọn sínú ìdílé kan ṣoṣo, Sphecidae. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yọ Ampulicidae àti Crabronidae sọ́tọ̀, ní 2018 ìwádìí lórí àbùdá wọn sì tún pín Crabronidae sí ìdílé púpọ̀, nítorí inú rẹ̀ gan-an ni àwọn kòkòrò oyin ti ṣẹ̀ wá. Nítorí náà ẹ má jẹ́ kí orúkọ ìdílé tó takora dá yín dúró, orúkọ ìran ni kí ẹ dì mú. Àkójọ orúkọ tí onímọ̀ kòkòrò, Wojciech Pulawski, ṣe fún California Academy of Sciences wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ óò rí irú Ammophila beniniensis níbẹ̀, tí Palisot de Beauvois fún lórúkọ ní 1806. Bí wọn kò bá kọ Nàìjíríà síwájú ẹ̀yà kan, ìyẹn kò ní kí ó má sí ní Iléṣà. Àwa tí ń wá wọn kò pọ̀ ni.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ju ẹran nù. Ẹ gún un mọ́ abẹ́rẹ́ kan náà pẹ̀lú agbọ́n tó gbé e, kí ẹ kọ ibi tí ẹ ti mú un, ọjọ́, àti irú ilẹ̀. Ẹ fi káfúrà sínú àpótí, nítorí èèrà kì í ṣàánú, èbu sì burú lásìkò òjò. Bó bá pọ̀ díẹ̀, ẹ gbé e wá sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ohun àdáyébá tó wà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ níbí, kí ẹ fi wé tiwọn.

Ti ara ògiri yín, bí àyà rẹ̀ bá dúdú pátá, tó jẹ́ pé ìbàdí àti ẹsẹ̀ nìkan ló ní yẹ́lò, Sceliphron spirifex ni mo máa pè é. Ti inú yanrìn, n kò ní fún un lórúkọ báyìí. Ẹ lọ jókòó tì í láti bí aago mẹ́wàá òwúrọ̀ tí òòrùn bá ti mú, kí ẹ rí ohun tí yóò gbé bọ̀, kí ẹ ya ìbàdí rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ àti ojú rẹ̀ láti iwájú, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí mi.