Ẹ Bi Mí Nípa Kọ̀ǹpútà: Linux Mẹ́rin Láàárín Oṣù Kan

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀ ju àyè tí olóòtú fún mi lọ, mo sì ti bá a jiyàn títí ó fi rẹ̀ mí. Márùn-ún ni mo mú. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn dá lórí Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi ti Windows, tó sì ní oríṣiríṣi ẹ̀yà. Èyí tó gùn jù ló ṣíwájú, torí bí mo ṣe ń kà á ni mo ń rẹ́rìn-ín: ó jọ èyí tí èmi fúnra mi ì bá kọ nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó sínú eré yìí.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Láàárín oṣù kan péré, Linux mẹ́rin ni mo ti gbé sórí láptọ́ọ̀pù mi. Ubuntu ni mo fi bẹ̀rẹ̀, mo bọ́ sórí Mint, mo gbọ́ pé Fedora ló máa ń tètè rí nǹkan tuntun, mo sáré lọ síbẹ̀. Níbi tí mo ti ń gbé Arch sórí rẹ̀ lóru Sátidé ni mo pa gbogbo fọ́tò ọmọ wa rẹ́. Ìyàwó mi ò tíì bá mi sọ̀rọ̀ dáadáa látìgbà náà. Nínú gbogbo wọn, èwo ló dára jù, kí n lè fìdí kalẹ̀? Àbúrò yín, Alárìnkiri.

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, à á kọ́kọ́ lé akátá lọ ná ká tó fàbọ̀ bá adìẹ. Pa láptọ́ọ̀pù yẹn báyìí, má sì jẹ́ kí ohunkóhun wọ orí rẹ̀ mọ́. Tá a bá pa fáìlì rẹ́, orúkọ rẹ̀ àti àkọsílẹ̀ ibi tó wà ló máa ń kọ́kọ́ lọ. Ara fáìlì náà lè ṣì wà níbẹ̀ títí nǹkan mìíràn yóò fi gorí rẹ̀. Gbé Linux kan sórí fílááṣì, ti orí fílááṣì yẹn tan ẹ̀rọ náà, kó o wá lo PhotoRec, sọ́fítíwíà tó ń wá fáìlì tá a ti pa rẹ́. PhotoRec kì í bèèrè orúkọ fáìlì rárá. Àmì tí irú fáìlì kọ̀ọ̀kan fi ń bẹ̀rẹ̀ ló ń wá kiri, bíi FF D8 tó máa ń ṣíwájú fọ́tò JPEG. Dírááfù mìíràn ni kó o ní kó kó ohun tó bá rí sí. Tó bá jẹ́ dírááfù oní-páànù tó ń yí ni tìẹ, ìrètí pọ̀. Tó bá jẹ́ SSD, ìyẹn dírááfù tí kò ní ohun tó ń yí, mi ò ní tàn ẹ́: bó o ṣe ń gbé Arch sórí rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó ti sọ fún SSD náà pé àyè yẹn ti ṣófo, òun náà á sì ti gbá a mọ́. Dán an wò ná.

Ó di orí ìbéèrè rẹ. Mo ní ìwé ajákọ kan nígbà yẹn, inú rẹ̀ ni mo máa ń kọ iye ìṣẹ́jú-àáyá tí Linux kọ̀ọ̀kan fi ń jí sí. Ìlà mẹ́rìndínlógójì ló wà nínú rẹ̀. Mẹ́rìndínlógójì! Mi ò fi èyíkéyìí nínú wọn kọ lẹ́tà kan ṣoṣo. Màá gbé e sórí ẹ̀rọ, màá pààrọ̀ àwòrán ojú rẹ̀, màá wò ó títí, lọ́jọ́ kejì màá gbọ́ pé òmíràn jáde. Mo ń pe ara mi ní onímọ̀ kọ̀ǹpútà.

Ohun tó dá mi dúró kò lẹ́wà. Lórí Debian, Linux mìíràn, ni mo wà lọ́jọ́ náà, mo ṣe àtúnṣe sí i, nígbà tí ẹ̀rọ padà jí, kò rí Wi-Fi mọ́. Ọwọ́ mi ti wà lára fílááṣì tí Linux kẹtàdínlógójì wà, bí mo ṣe máa ń ṣe tí nǹkan bá ti le. Mi ò mọ ohun tó ṣe mí, mo ṣí ojú dúdú tí wọ́n ń tẹ àṣẹ sí, mo tẹ dmesg, àṣẹ tó ń fi àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ hàn, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí kernel, ọkàn Linux tó ń darí ẹ̀rọ, ń sọ. Òru mẹ́ta ni mo fi kà á. Láago méjì òru kẹta ni mo rí ìlà kan tó dárúkọ fáìlì firmware (sọ́fítíwíà kékeré tí ẹ̀yà ẹ̀rọ fi ń ṣiṣẹ́) tó ń wá tí kò rí. Orúkọ rẹ̀ gan-an ló kọ síbẹ̀! Ẹ̀rọ náà ti ń sọ ohun tó ń dùn ún láti òru àkọ́kọ́, èmi ni mi ò gbọ́ èdè rẹ̀. Mo wá fáìlì náà rí, mo fi síbi tó yẹ, Wi-Fi dé. Ìwé ajákọ yẹn kò ní ìlà kẹtàdínlógójì títí dòní.

Ìdí tí mo fi ń rojọ́ yìí ni pé àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó o ń sá kiri láàárín wọn, ilé kan náà ni wọ́n. Kernel kan náà ló wà nísàlẹ̀ wọn, èyí tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ nígbà tó ṣì ń kẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì Helsinki. Lọ́jọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 1991, ó kọ̀wé sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé eré ọwọ́dilẹ̀ lásán lòun ń ṣe, pé kò ní di nǹkan ńlá. Mint, ọmọ Ubuntu ni. Ubuntu, ọmọ Debian ni. Debian sì ti wà láti ọdún 1993. Ohun tó yàtọ̀ kò ju bí wọ́n ṣe ń kó sọ́fítíwíà wọlé lọ, apt fún Ubuntu àti Mint, dnf fún Fedora, pacman fún Arch, àti bí nǹkan tuntun ṣe ń yára dé sí: Fedora máa ń gbé ẹ̀dà tuntun jáde ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà mẹ́fà, Arch kò ní ẹ̀dà kankan, bí nǹkan bá ti jáde ló ń wọlé.

Padà sórí Mint. Ya ibi tí fáìlì rẹ ń gbé, ìyẹn /home, sọ́tọ̀ lórí dírááfù. Tí ojú bá ń yún ọ láti rí òmíràn, ṣí i nínú VirtualBox, sọ́fítíwíà tó ń ṣe bíi kọ̀ǹpútà mìíràn nínú kọ̀ǹpútà rẹ, kó o wò ó tẹ́rùn, kó o pa á dé. Fọ́tò ọmọ gbọ́dọ̀ wà níbi méjì mìíràn kí ọwọ́ rẹ tó tún kan dírááfù. Kó o sì lọ bẹ ìyàwó rẹ. PhotoRec ò mọ ìyẹn ṣe.

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ní òun ò lè gbà kí wọ́n lo open source, ìyẹn sọ́fítíwíà tí kóòdù rẹ̀ (ohun tí wọ́n kọ láti fi ṣe é) wà ní gbangba, pé ohun ọ̀fẹ́ kì í níyì. Kí ni kí n wí?

ÌDÁHÙN: Ẹ sọ fún wọn pé lọ́dún 2019, IBM ra Red Hat, ilé-iṣẹ́ tó ń fi Linux jẹun, ní bílíọ̀nù 34 dọ́là. Ìyẹn lè tó fún ọ̀gá.

Ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ló dá ìjàngbọ̀n yìí sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, free, ni wọ́n ní fún ọ̀fẹ́ àti òmìnira, àwa ní méjì, nítorí náà kò yẹ kó rú wa lójú. Òmìnira ni Richard Stallman, ẹni tó ń kọ sọ́fítíwíà, ń wá. Níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ ní MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ tún sọ́fítíwíà ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọn kọ, débi pé tí bébà bá há, ẹ̀rọ á ránṣẹ́ sí àwọn tó ń dúró de iṣẹ́ wọn. Nígbà tí ẹ̀rọ tuntun dé, kóòdù rẹ̀ kò bá a wá. Ó lọ bá ẹnì kan tó ní in lọ́wọ́, onítọ̀hún ní òun ti tọwọ́ bọ̀wé pé òun ò ní fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ bébà tó há ni o! Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1983, Stallman kéde iṣẹ́ GNU, láti kọ odidi sọ́fítíwíà tí gbogbo ènìyàn lómìnira láti lò àti láti tún ṣe. Ìwé àṣẹ GPL tó tibẹ̀ jáde kò ní kí ẹ má tà á. Ohun tó ní ni pé ẹni tí ẹ bá tà á fún gbọ́dọ̀ lè rí kóòdù rẹ̀ gbà, kó tún un ṣe, kó sì fún ẹlòmíràn.

ÌBÉÈRÈ: Tí gbogbo ayé bá lè rí kóòdù open source, ṣé olè náà ò ní rí i ni? Ẹ̀rù ń bà mí o. Ìyá tó ń tọ́jú ìwé owó.

ÌDÁHÙN: Mà á, ẹ̀rù yín kì í ṣe lásán. Lọ́dún 2024, ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní Jia Tan ti lo ọdún méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ láti máa ran iṣẹ́ xz lọ́wọ́ jẹ́jẹ́, títí wọ́n fi gbà á sílé. Sọ́fítíwíà tó ń fún fáìlì kéré ni xz, ó sì wà lórí ẹ̀rọ tí kò lóǹkà. Inú ẹ̀dà 5.6.0 àti 5.6.1 ló gbé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sí, ìyẹn ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ tó lè gbà wọlé sórí ẹ̀rọ ẹlòmíràn. Ẹni tó tú àṣírí rẹ̀ ni Andres Freund, tó ń ṣiṣẹ́ lórí PostgreSQL, sọ́fítíwíà tó ń tọ́jú àkójọ ìsọfúnni. Kò wá olè rárá. Ó kàn rí i pé wíwọlé nípasẹ̀ ssh, ọ̀nà tí wọ́n fi ń wọ kọ̀ǹpútà láti òkèèrè, fi nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀, ó sì ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ó tọpa rẹ̀ dé inú xz, ó sì kéde rẹ̀ lọ́jọ́ 29 oṣù kẹta.

Torí pé kóòdù wà ní gbangba ló fi lè tọpa rẹ̀ dé ìdí. Àmọ́ wíwà ní gbangba kò sọ pé ẹnì kan ń wò ó. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń tọ́jú xz tẹ́lẹ̀, nígbà tọ́wọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀, ó sì ti rẹ̀ ẹ́. Ojú ihò yẹn ni àlejò gbà wọlé. Àwọn tó máa ń sáré gba ohun tuntun ni wọ́n kọ́kọ́ gbé ẹ̀dà tó bàjẹ́ náà; kò tíì dé inú Debian tó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. (Alárìnkiri, mo mọ̀ pé ò ń kà á.)

ÌBÉÈRÈ: Mo ní Raspberry Pi mẹ́ta, àwọn kọ̀ǹpútà kékeré yẹn. Tuntun ti jáde. Ṣé kí n rà á?

ÌDÁHÙN: Kí ni àwọn mẹ́ta náà ń ṣe báyìí?

Tó bá jẹ́ pé inú dúrọ́ọ̀ ni wọ́n wà, ẹ fowó yín sápò. Tèmi jẹ́ ti ọdún 2012 tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, mẹ́mòrì rẹ̀ kò ju MB 256 lọ, òun ló sì ń fi Pi-hole dí àwọn ìpolówó ọjà lójú ọ̀nà nínú ilé mi. Ìgbà méjì ni mo fọwọ́ ara mi ba káàdì rẹ̀ jẹ́ torí mo fa wáyà yọ láì kọ́kọ́ sọ fún un pé kó sùn. Tí ẹ bá rí mànàmáná kékeré aláwọ̀ ìyeyè lójú ẹ̀rọ tiyín, iná tó ń wọlé kò tó. Ẹ pààrọ̀ ṣájà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú Linux.

ÌBÉÈRÈ: Mi ò mọ kóòdù kọ, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn nǹkan wọ̀nyí, ó sì ń ti mí lójú pé gbígbà nìkan ni mò ń gbà. Kí ni mo lè fún wọn?

ÌDÁHÙN: Ẹ fún wọn ní ohun tó ń bí yín nínú. Èyí tí mo kọ́kọ́ fún wọn ni àmì ohùn kan. Sọ́fítíwíà kan wà tí mo máa ń fi ṣètò ìwé, tí mo bá tẹ ọ́, àmì náà á fò lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, bí fìlà tó ṣí lórí ọkọ ìyàwó. Nínú Unicode, àkójọ nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà, é ní nọ́ńbà tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọ́ kò ní: ọ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ kọ, kí wọ́n tó fi àmì lé e lórí. Ẹni tó kọ sọ́fítíwíà náà kò ronú kan irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ rí, kò sì sí bó ṣe lè mọ̀.

Mo kọ̀wé sí i. Mo sọ ẹ̀dà tí mò ń lò, mo sọ ohun tí mo tẹ̀ ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, mo ya àwòrán ohun tí mo rí, mo sì kọ bó ṣe yẹ kó rí. Mi ò bú ẹnikẹ́ni, bó tiẹ̀ ṣe mí bíi pé kí n ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú ẹ̀dà tó tẹ̀ lé e, àmì náà jókòó sórí ọ, kò sì ṣí mọ́.

Ẹ kọ tiyín lọ́sẹ̀ yìí. Tí wọ́n bá dáhùn, ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi; màá bá olóòtú jà fún àyè.