Dóńgóyárò iwájú ilé wa: ṣé igi ìdáná lásán ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Igi dóńgóyárò ńlá kan wà níwájú ilé wa ní Ìlọrin. Bàbá wa ló gbìn ín kí wọ́n tó bí mi. A fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀, ó ti di dandan ká gé e. Ẹnì kan tó ń ta igi ìdáná fẹ́ rà á lówó pọ́ọ́kú, ó ní kò wúlò fún nǹkan mìíràn. Àbúrò mi ní irọ́ ni, pé ikán kì í jẹ dóńgóyárò, ká là á sí pákó, ká fi ṣe òrùlé àti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù náà. Ta ni ká gbọ́ tirẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì gbowó lọ́wọ́ onígi ìdáná yẹn. Ẹ má sì tíì fi òrùlé lé àbúrò yín lọ́wọ́.

Ẹbí kan náà ni dóńgóyárò àti ọ̀gànwó. Tí ẹ bá la èyí tó ti dàgbà, ẹ máa rí i pé àárín rẹ̀ pọ́n, ó sì wúwo, àmọ́ ara tó yí àárín náà ká lábẹ́ èèpo, funfun ni, ó fẹ́ jọ eérú. Àárín pupa yẹn lẹ ń wá. Òun ni ikán kì í tètè dá lu. Ti funfun yẹn, ikán ń jẹ ẹ́, kòkòrò tó ń sọ pákó di ìyẹ̀fun náà ń jẹ ẹ́. Ohun tó ń tan àwọn èèyàn jẹ ni pé ewé rẹ̀ korò, wọ́n wá rò pé kò sí kòkòrò tó máa fẹnu kan pákó rẹ̀. Inú kóró èso ni oògùn apakòkòrò tí gbogbo ayé ń sọ pọ̀ sí jù, kì í ṣe inú pákó.

Òrùlé ńkọ́? Gígùn ni wàhálà ibẹ̀. Pákó òrùlé gbọ́dọ̀ gùn kó sì tọ́, ẹsẹ̀ bàtà 12 ló wọ́pọ̀ lọ́jà. Dóńgóyárò kì í ga púpọ̀ kó tó yà. Ẹsẹ̀ bàtà 6 sí 10 lẹ máa bá kí ẹ tó kan ibi tí ẹ̀ka ti bẹ̀rẹ̀, bóyá kò tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Látìgbà tí wọ́n ti gbìn ín sí Borno lọ́dún 1928, ibòòji, igi ìdáná àti òpó kéékèèké la mọ̀ ọ́n sí jù nílẹ̀ wa, ẹni tó bá sì ń wá ibòòji kò ní máa rẹ́ ẹ̀ka ìsàlẹ̀ kí ìtì lè gùn. Ẹ lọ ra igi òrùlé yín lọ́jà.

Férémù fèrèsé àti ti ilẹ̀kùn ni mo máa fi ṣe, àti àga, àpótí ìjókòó, tábìlì kékeré, ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Àwọn ará Íńdíà, níbi tí igi yìí ti wá, a máa fi kan àpótí aṣọ. Ẹ̀ka tó bá tọ́, ẹ gé e fún èèkù ọkọ́. Èmi ò ní fi gbẹ́ odó tàbí orógùn o, mi ò fẹ́ ìkorò lẹ́bàá ọbẹ̀.

Kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni tó ní ẹ̀rọ ìlagi, ẹ yẹ ara igi náà wò dáadáa. Kò sí igi iwájú ilé tí kò ní ìṣó nínú: ẹni kan kàn án láti sá aṣọ, ẹlòmíì kàn án láti gbé pátákó, igi dàgbà, ó gbé ìṣó mì. Ọ̀pọ̀ sọ́mììlì kì í gba igi àdúgbò nítorí èyí, torí pé ìṣó kan ṣoṣo tó láti ba ayùn wọn jẹ́. Ẹ fi mágínẹ́ẹ̀tì wá a. Ibi tí igi bá ti dúdú lójijì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àárín pupa, ẹ fura pé irin wà níbẹ̀. Kí ẹ sì sọ òótọ́ fún alágbàṣe yín, kó lè díye lé e bó ṣe yẹ.

Gbígbẹ ló ń ba pákó yìí jẹ́ jù, pàápàá níbi tí ọyẹ́ ti ń fẹ́ bíi tiyín. Ojú méjèèjì tí wọ́n ti gé e máa ń tètè là. Ọjọ́ tí wọ́n bá là á gan-an ni kí ẹ kun ojú méjèèjì yẹn ní ọ̀dà tó ki. Ẹ tò ó sábẹ́ òrùlé tí atẹ́gùn ń wọ̀ díẹ̀, oòrùn má gbọdọ̀ bà á. Ẹ gbé e kúrò nílẹ̀ lórí búlọ́ọ̀kù, ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín pákó kan àti èkejì, kí igi tẹ́ẹ́rẹ́ wọ̀nyẹn tò tààrà láti ìsàlẹ̀ dókè, kí ẹ wá gbé òkúta lé gbogbo rẹ̀ lórí kó má baà wọ́. Pákó tó nípọn íńṣì 1, mi ò ní fọwọ́ kàn án kí oṣù 4 tó pé. Onííńṣì 2 lè tó ọdún kan. Tí ẹ kò bá fẹ́ máa méfò, ẹ mú pákó kan ṣoṣo kí ẹ máa wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Nígbà tí ìwọ̀n rẹ̀ kò bá dín mọ́, ó ti gbẹ.

Ẹ sọ fún káfíńtà yín pé iṣan igi náà lọ́ mọ́ra, ìfági tí kò bá mú yóò fa ojú rẹ̀ ya. Kó lu ihò kó tó kan ìṣó, kó sì bo imú rẹ̀, torí ìyẹ̀fun rẹ̀ a máa ta ọ̀fun. Kò ní dán tó ọ̀gànwó, bó ti wù kí pólíìṣì pọ̀ tó.

Ní ti onígi ìdáná, ẹ ta gbogbo ẹ̀ka fún un. Èédú dóńgóyárò dára, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Kó má kàn fi owó ẹ̀ka gbé ìtì lọ. Lẹ́yìn tí igi bá ti wó sílẹ̀, ẹ wo ojú tí wọ́n ti gé e: bí àárín pupa kò bá tó ìdajì fífẹ̀ rẹ̀, tàbí tí ihò bá ti wà láàárín, ẹ jẹ́ kó máa kó gbogbo rẹ̀ lọ.