Bí A Ṣe Ń Ṣírò Ọdún Nígbà Tí Ọyẹ́ Bá Dé

Àbúrò mi, mo fara balẹ̀ ka ìbéèrè rẹ kí n tó dáhùn. O ní iṣẹ́ aṣọ rírán ni o ń ṣe ní Kétu, pé kò tíì pẹ́ tí o gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ, àti pé ní oṣù kìíní o kọ ohun márùn-ún sílẹ̀: kí o ra ẹ̀rọ ìránṣọ tìrẹ, kí o máa dá èésú, kí o kọ́ kọ̀ǹpútà, kí o dín ìbínú kù, kí o sì yé fi gbogbo owó ọwọ́ rẹ ránṣẹ́ sílé. Nísinsìnyí tí ọyẹ́ ti dé, o ṣí ìwé náà, o rí i pé èésú nìkan ni o ṣe dé ìdajì, o sì ń béèrè bóyá o dàgbà lọ́dún yìí ni, tàbí ọjọ́ orí rẹ lásán ló lé sí i.

Obìnrin oko ni mí ní Sábẹ̀, ní ilẹ̀ Benin wa yìí. Kajú ni olórí iṣẹ́ mi, opó sì ni mí. Ọyẹ́ ti wọlé sí ọ̀dọ̀ wa náà: eruku tí afẹ́fẹ́ ń gbé bọ̀ láti aṣálẹ̀, láti ìhà Bodélé ní ilẹ̀ Ṣáàdì, ti bo àwọn òkè wa débi pé èèyàn lè dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà rélùwéè láàárọ̀ kí ó má rí wọn dáadáa. Òru ń tutù, ọ̀sán ń gbóná, ètè ń là. Àgbàdo àti ẹ̀pà ti wọlé, iṣẹ́ oko ti dẹwọ́ díẹ̀, ìgbà tí ọwọ́ bá sì dilẹ̀ ni ọkàn ń rí àyè ṣe ìṣirò. Mo rò pé ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ wa fi ń bi ara wa ní irú ìbéèrè rẹ yìí nígbà ọyẹ́, ju ti pé oṣù kejìlá wọlé lọ. Ọdún ilé ìwé ti parí láti ìgbà òjò, ọdún iṣu tuntun ti kọjá ní oṣù kẹjọ, kò sì sí ẹni tó jókòó nígbà náà láti bi ara rẹ̀ bóyá òun dàgbà.

Àsìkò yìí gan-an ni igi kajú ń yọ òdòdó. Kóró rẹ̀ kò ní bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ kí ó tó di nǹkan bí oṣù kejì, a ó sì máa ṣà á títí tí òjò yóò fi tún dé. Ẹni tó bá wọ oko mi lónìí tó ní òun fẹ́ ka kóró, òfo ni yóò kà, bẹ́ẹ̀ igi náà lè wà ní ipò tó dára jù lọ. Ohun tí èmi ń wò lóko lásìkò yìí ni bóyá a ti ro abẹ́ igi, bóyá a ti gé ẹ̀ka gbígbẹ, bóyá a ti ha ilẹ̀ yí oko ká kí iná ìgbẹ́ má baà ráyè wọlé, nítorí iná ọyẹ́ lè jó iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún ní ọ̀sán kan ṣoṣo. Ìwé tí o kọ ní oṣù kìíní, kóró nìkan ló ń kà.

Ohun tí èmi máa ń wò, tí mo sì fẹ́ kí ìwọ náà wò, ni ọ̀rọ̀ tó ti dé bá ọ rí tó tún padà wá. Ohun tuntun kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ irú ẹni tí a ti dà, nítorí owó lè ṣe é, ẹlòmíràn lè bá wa ṣe é, oríire sì lè gbé e wá bá wa. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyọnu ti èṣí bá tún kan ilẹ̀kùn, tí ojú rẹ̀ kò yí padà, tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò yí padà, bí a bá dá a lóhùn lọ́nà mìíràn, àwa ni a yí padà. O tilẹ̀ ti fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́ láìfiyè sí i. O ní lọ́dún tó kọjá, oníbàárà kan gba aṣọ tí kò sanwó, o sì pariwo títí èrò fi kún iwájú ṣọ́ọ̀bù. O ní lọ́dún yìí òmíràn tún fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀, o rẹ́rìn-ín, o gbé aṣọ rẹ̀ kọ́, o ní ìgbà tí owó bá pé ni kí ó wá mú un. Ìlà kan péré ni o fi sọ ìyẹn, tí o fi odidi ojú ìwé kan sunkún lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Lójú tèmi, ìlà kan yẹn ni ìdáhùn sí ìbéèrè rẹ.

Kí o má baà rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni mò ń sọ, gbọ́ tèmi. Bàbá àwọn ọmọ mi kú nígbà tí òjò ń parí lọ, ọyẹ́ sì bá wa nínú ọ̀fọ̀. Kí ọyẹ́ náà tó kásẹ̀, ẹbí rẹ̀ pe ìpàdé lórí oko kajú tí èmi pẹ̀lú rẹ̀ jọ gbìn. O mọ bí ó ṣe ń rí nínú agbo ilé wa: ọkọ mi ni gbogbo wọn, àgbà wọn àti ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn tí mo ti délé. Orí ẹní ni mo jókòó sí, wọ́n ń sọ̀rọ̀ lókè orí mi. Ẹnì kan ní obìnrin kì í jogún ilẹ̀. Ẹlòmíràn ní kí àwọn àbúrò olóògbé máa kó kajú náà títí àwọn ọmọ yóò fi dàgbà. N kò sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ wà nínú mi, ohùn ni kò jáde, kò sì sí ẹni tó ń retí ohùn opó tuntun. Wọ́n sún ìpàdé síwájú láìparí rẹ̀.

Láàárín ọdún, mo wádìí. Òfin ẹbí ilẹ̀ Benin ti 2004 kò fi ọmọkùnrin ṣáájú ọmọbìnrin nínú ogún, ó sì ka ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ kú mọ́ àwọn tó ní ìpín. Òfin ilẹ̀ ti 2013 là á sílẹ̀ pé ọkùnrin àti obìnrin ní ẹ̀tọ́ láti ní ilẹ̀, ó sì ṣètò ìwé ẹ̀rí kan fún ẹni tí ilẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ nípa àṣà, èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ mérì, ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ wa, ń pè ní ADC. Àṣà tiwa pàápàá ní ohun tirẹ̀ láti sọ. Ẹni tí a yá ní ilẹ̀ lè gbin àgbàdo, ó lè gbin ẹ̀gẹ́, ṣùgbọ́n a kì í gbà fún un kí ó gbin igi, nítorí ẹni tó gbin igi ti fi hàn pé òun kò lọ mọ́. Ojú àwọn àgbà ni ọkọ mi ṣe gbin kajú, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì dá a dúró.

Mímọ òfin kọ́ ló ṣòro. Ọmọ mi àgbà kà á fún mi ní èdè Faransé, ó túmọ̀ rẹ̀, ó tán. Ohùn ló gba ọdún kan gbáko lọ́wọ́ mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nínú ẹgbẹ́ àwa obìnrin tí ń din gààrí, níbi tí mo ti lè ṣi ọ̀rọ̀ sọ kí ẹnikẹ́ni má bínú. Mo ń tako iye tí wọ́n dá lé àpò, mo ń béèrè bí wọ́n ṣe ná owó ẹgbẹ́, títí tí gbígbọ́ ohùn ara mi láàárín èrò kò fi dẹ́rù bà mí mọ́. Mo sì ń lọ kí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin nílé rẹ̀ déédéé. N kì í ro ẹjọ́ fún un. Mo kàn ń jẹ́ kí ó rí i pé n kò bá ẹbí jà. Àwọn kan lè ní ọgbọ́n àrékérekè ni ìyẹn. Bí wọ́n bá fẹ́, kí wọ́n pè é bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí wọ́n tún pe ìpàdé, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n sọ, ẹni kan náà ló sì kọ́kọ́ sọ ọ́. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ní, “Ẹ̀yin ọkọ mi, ilẹ̀ bàbá yín ni, n kò bá yín du ilẹ̀ bàbá yín. Igi tí àbúrò yín gbìn ni mo ń sọ, àwọn ọmọ tó sì ń jẹ́ orúkọ yín ni yóò jẹ ẹ́. Ẹ jẹ́ kí a kọ ọ́ sílẹ̀ kí àwọn ọmọ yín má baà bá ara wọn jà lọ́la.” Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ní òun rò pé ọ̀rọ̀ náà dára. Ìdákẹ́jẹ́ tó tẹ̀ lé e pẹ́ díẹ̀.

Ṣé ilẹ̀ náà ti di tiwa pátápátá? Rárá o. Wọ́n gbà kí n máa kórè fún àwọn ọmọ, ìwé kò tíì jáde, àwọn kan kò sì kí mi tọkàntọkàn títí di òní. Bí ó bá jẹ́ pé mo kọ “kí n gba oko” sínú ìwé ní oṣù kìíní, èmi náà ìbá ti fa igi lé e báyìí, n bá sì jókòó ti ọ̀fọ̀ mìíràn.

Yọ ohun tó jẹ́ ti ọjà kúrò nínú ìṣirò rẹ, èrè àti àdánù. Láti oṣù kẹrin 2024 ni ìjọba Benin ti fòfin de kíkó kóró kajú tí a kò tíì ṣiṣẹ́ lé lórí jáde nílẹ̀ yìí, kí àwọn ilé iṣẹ́ tó wà ní Glo-Djigbé àti níbòmíràn lè rí i lò. Àwọn tó ń rà á lọ́wọ́ wa yí padà, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà rà á yí padà. Bí owó kajú mi bá lọ sókè lọ́dún kan, kì í ṣe ìwà mi ló gbé e. Bí ó bá wálẹ̀, kì í ṣe ìwà mi ló já a. Ohun tó jẹ́ tèmi ni pé mo ń sá kóró gbẹ dáadáa kí n tó dì í, pé mi ò dì í sínú àpò ọ̀rá tí yóò mú un bu, àti pé ojú mi wà lára òṣùwọ̀n nígbà tí oníbàárà bá ń wọ̀n ọ́n. Bákan náà, bí owó ẹ̀rọ ìránṣọ bá gbéra kọjá ohun tí o ti kó jọ, má kà á mọ́ ara rẹ.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà tó máa ń padà wá, tí a ó sì ṣe ohun kan náà, síbẹ̀ tí kì í ṣe àìdàgbà. Nígbà tí ilé ìwé bá wọlé ní oṣù kẹsàn-án, owó kajú ti tán pátápátá, ọ̀pọ̀ wa sì ń ta kajú ọdún tó ń bọ̀ sílẹ̀ fún olówó ní iye tí kò tó nǹkan, kí ọmọ lè jókòó ní kíláàsì. Bí èèyàn bá ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún, ó lè máa pe ara rẹ̀ ní aláìlọ́gbọ́n. Ètò ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́, kò fẹ́ ìwà tuntun. Mo bẹ olórí èésú wa pé kí ó fi èmi sí oṣù kẹsàn-án, ó gbà, ọ̀rọ̀ náà sì rọ̀ díẹ̀.

Ti ọ̀fọ̀ náà padà wá, mo lè sọ ìyẹn ní kúkúrú. Òtútù àárọ̀ àkọ́kọ́ ló gbé e dé. Ní èṣí, inú yàrá ni mo wà títí oòrùn fi là. Lọ́dún yìí, mo dá iná, mo gbé ògì kaná, àwọn ọmọ jókòó yí mi ká, a sì sọ̀rọ̀ bàbá wọn, títí kan àwọn ìwà rẹ̀ tó máa ń bí mi nínú.

Bí kò bá yé ọ èyí tó yí padà lára rẹ, bi ẹni tó ń rí ọ lójoojúmọ́, ọmọ iṣẹ́ rẹ tàbí ẹni tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. Má bi ọ̀rẹ́ tí yóò yìn ọ́, má sì lọ wo àwòrán ilé tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń gbé sórí WhatsApp, nítorí ẹni tó ya àwòrán ilé kì í ya gbèsè mọ́ ọn.

O tún béèrè bóyá kí o kọ ìwé mìíràn ní oṣù kìíní. Bí o bá fẹ́, kọ ọ́, ṣùgbọ́n kọ́kọ́ kọ ohun mẹ́ta tó yọ ọ́ lẹ́nu lọ́dún yìí tí o mọ̀ pé yóò tún padà wá, kí o sì kọ bí o ṣe dá a lóhùn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Fa igi lé ìbínú, ìyẹn ti ń lọ dáadáa. Owó tí o ń fi ránṣẹ́ sílé kì í ṣe àìsàn. Dá iye kan, sọ ọ́ fún ìyá rẹ ní ojúkojú, má ṣe fi fóònù sọ ọ́. Kọ̀ǹpútà, ìwọ fúnra rẹ sọ pé ìdí tí o fi kọ ọ́ ni pé gbogbo èèyàn ń kọ́ ọ, nítorí náà jẹ́ kí ó dúró ná. Ní ti ẹ̀rọ, lọ bá ẹni tó ń gba èésú yín kí ọdún tuntun tó bẹ̀rẹ̀, kí ó jẹ́ kí tìrẹ bọ́ sí oṣù keje, kí ẹ̀rọ lè ti wà nílẹ̀ kí àwọn òbí tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé aṣọ kakí àwọn ọmọ ilé ìwé wá.